Láti Òkè Ògìdì dé Orí Òjò Dídì: Bí A Ṣe Ń Fẹsẹ̀ Gòkè Láti Fi Síkì Sọ̀, àti Irinṣẹ́ Tó Yẹ Kí O Rà

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé. Kò sí ọdún tí àwọn ọmọ Kàbà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀, Mọ̀pà àti Ìjùmú kì í gba físà lọ sí Kánádà, Nọ́wè, Jámánì tàbí Switzerland, àwọn kan fún ẹ̀kọ́, àwọn kan fún iṣẹ́. Àwọn mìíràn nínú wọn ń bọ́ sí ìlú tí òkè ńlá yí ká. Òjò dídì á bo òkè náà fún oṣù mẹ́rin sí márùn-ún, àwọn ọmọ wa á wá jókòó sínú yàrá, wọ́n á máa retí oòrùn. Mo fẹ́ kí wọ́n jáde. Àbúrò tó ṣì wà nílé báyìí, tí físà rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà, ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, nítorí ilé gan-an ni ìmúrasílẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Síkì ni pákó méjì tó gùn, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n ń so mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lórí òjò dídì. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà fi í ṣeré. Nínú àkọ́kọ́, ẹ̀rọ á gbé ọ dé orí òkè, katakata á sì ti tẹ òjò dídì náà pẹrẹsẹ kí o tó dé. Nínú èkejì, ẹsẹ̀ ara rẹ lo fi ń gòkè, síkì wà lẹ́sẹ̀ rẹ, ibi tí katakata kò dé rí lo sì máa gbà sọ̀. Èkejì yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Apá kan nínú rẹ̀ ni ẹsẹ̀ wa ti mọ̀ tẹ́lẹ̀: gígòkè. Òjò dídì fúnra rẹ̀ ni kò mọ ọmọ ẹnì kankan, òun ló sì yẹ kí o ná owó àti àsìkò rẹ lé lórí.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé eré òtútù kì í ṣe ti wa, rán an létí pé Seun Adigun, Ngozi Onwumere, Akuoma Omeoga àti Simidele Adeagbo ṣojú Nàìjíríà níbi Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní PyeongChang ní 2018, Samuel Ikpefan sì fi síkì sáré fún wa ní Beijing ní 2022.

Nílé: fi òkè wa gbé ẹsẹ̀ ró

Òkè ilẹ̀ wa kò ga bí àwọn òkè Alps, ṣùgbọ́n àpáta ni wọ́n, wọ́n sì dà gẹ̀rẹ́ dáadáa. Orí irú òkè wọ̀nyí ni àwọn baba ńlá wa sá lọ nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé ń kó ìlú lẹ́rú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nítorí ẹṣin kò lè bá wọn débẹ̀. Wọ́n tó o ṣe ìmúrasílẹ̀.

Fún oṣù méjì, ó kéré tán, máa gòkè lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ló dára jù, nítorí àpáta gbẹ nígbà náà. Tí òjò bá ti ń rọ̀, ewédò á mú kó máa yọ̀. Jí lọ ní ìdájí kí oòrùn tó mú. Kó òkúta tó tó kílò 8 sí 10 sínú báàgì ẹ̀yìn, kí o gòkè fún wákàtí kan láìdúró. Má ṣe fi omi ṣe ẹrù yìí, omi ọ̀wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkúta ò wọ́n. Ìrìn tó yẹ ni èyí tí o fi lè máa bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń já lẹ́nu rẹ, o ń yára jù.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, da òkúta náà sílẹ̀ lórí òkè kí orúnkún rẹ má bàa jìyà ní sísọ̀. Lẹ́yìn náà, máa gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ sọ̀, nítorí síkì sísọ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí iwájú itan ju gígòkè lọ. Ohun kan tún wà tí o lè ṣe ní ẹnu ọ̀nà ilé yín: dúró lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan, rọra tẹ orúnkún náà títí ẹsẹ̀ kejì á fi kan ilẹ̀, kí o tún dìde. Ṣe é ní ìgbà 12 fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, sinmi, kí o tún un ṣe. Ẹni tó bá ń ṣe èyí déédéé, itan rẹ̀ kò ní máa gbọ̀n ní àárín òkè lọ́hùn-ún.

Má ṣe dá lọ o. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìjínigbé ti wọ igbó ilẹ̀ wa. Béèrè lọ́wọ́ àwọn ọdẹ àti fijilanté ìlú kí o tó yan òkè, kí ẹ sì lọ ní ẹgbẹ́. Àwọn òkè kan sì wà tí wọ́n ń bọ. Gba àyè lọ́wọ́ baálẹ̀ tàbí àgbà ìlú, bí wọ́n bá sì ní kí o má gun èyí, òkè mìíràn ń bẹ.

Ọjà òkìríkà: aṣọ

Aṣọ òtútù wọ́n gan-an lókè òkun. Orílẹ̀-èdè olótùútù ni ọ̀pọ̀ ẹrù òkìríkà ti ń wá, nítorí náà jákẹ́ẹ̀tì síkì máa ń wà nínú wọn, kò sì sẹ́ni tó ń bá ọ du ú lọ́jà Kàbà. Wo lébẹ́ẹ̀lì kékeré tó wà nínú aṣọ. Tí o bá rí wool, merino tàbí polyester, ra á. Tí o bá rí cotton, fi í sílẹ̀. Òwú ń mu òógùn, kì í tètè gbẹ, aṣọ tútù lára ẹni tó dúró sínú afẹ́fẹ́ olótùútù sì lè ṣekú pani.

Ìpele mẹ́ta lo ń wá. Ti abẹ́ ni síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò tínrín tó lẹ̀ mọ́ ara, onírun àgùntàn tàbí polyester. Ti àárín ni súwẹ́tà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ti òkè ni jákẹ́ẹ̀tì ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò lè gba inú rẹ̀ kọjá, èyí tó ní síìpù lábẹ́ abíyá ló dára jù, nítorí òógùn ń bọ̀ ní gígòkè. Fi jákẹ́ẹ̀tì oníyẹ̀ẹ́ tó nípọn kún un, kì í ṣe láti wọ̀ rìn, inú báàgì ló máa wà títí ẹ ó fi dúró sinmi. Fa síìpù gbogbo wò ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí o tó sanwó. Gígùn tàbí fífẹ̀, télọ̀ á bá ọ yanjú ìyẹn.

Má ra akoto lókìríkà. Akoto tó ti fara gbá nǹkan rí lè má fi hàn lójú, kò sì ní gba orí rẹ là lẹ́ẹ̀kejì.

Kọ́ ọ kí o tó rà á

Tí o bá dé ọ̀hún, má sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Háyà irinṣẹ́, kí o lo ìgbà òtútù àkọ́kọ́ níbi tí ẹ̀rọ ti ń gbéni gòkè, lọ́dọ̀ olùkọ́. Nígbà tí o bá ti lè yí sí òsì, yí sí ọ̀tún, kí o sì dúró níbi tó wù ọ́ láìṣubú, ìgbà náà ni kí o ronú àtifẹsẹ̀ gòkè. Lẹ́yìn náà, lọ sí ẹ̀kọ́ nípa àyalulẹ̀, ìyẹn òjò dídì tó ya lára òkè tó sì ń wọ́ bọ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tó bá pàdé. Ní Kánádà, AST 1 ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ náà, kò sì ju ọjọ́ méjì lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí owó bá kéré débi pé o ní láti yan ọ̀kan nínú síkì tuntun àti ẹ̀kọ́ yìí, ẹ̀kọ́ ni kí o yàn.

Bàtà ló ṣáájú

Síkì ni gbogbo ènìyàn ń kọ́kọ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí àwọ̀ rẹ̀ ń dán. Bàtà ni kí ìwọ kọ́kọ́ wò. Síkì tí kò dára tó á jẹ́ kí o máa yí pẹ̀lú wàhálà, ṣùgbọ́n bàtà tí kò bá ọ mu á bó ọ lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ á dì, ìrìn ọjọ́ náà á sì parí síbẹ̀.

Bàtà yìí ní èèpo líle níta àti bàtà rírọ̀ nínú. Irin ìtì kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀: tí o bá tú u, kókósẹ̀ á lè tẹ̀ síwá sẹ́yìn fún ìrìn, tí o bá tì í, yóò le fún sísọ̀. Sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n fi ń wọn gígùn rẹ̀, bíi 26.5 tàbí 28. Jẹ́ kí wọ́n wọn ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀.

Báyìí ni kí o ṣe dán an wò. Yọ bàtà rírọ̀ jáde, ki ẹsẹ̀ bọ inú èèpo líle nìkan, sún ọmọ ìka ẹsẹ̀ síwájú títí yóò fi kan ìparí. Àyè tó kù lẹ́yìn gìgísẹ̀ kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 lọ. Lẹ́yìn náà, dá bàtà rírọ̀ padà, wọ ọ́ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tó tínrín, kí o sì máa rìn kiri ṣọ́ọ̀bù fún ìdajì wákàtí. Má jẹ́ kí ojú tì ọ́. Ìbọ̀sẹ̀ méjì kì í mú ẹsẹ̀ gbóná, ńṣe ló ń fún un pa.

Ẹni tó fi ẹsẹ̀ lásán àti sílípáàsì dàgbà bíi tiwa, iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń fẹ̀. Sọ ọ́ fún ẹni tó ń ta á. Wọ́n lè fi iná rọ bàtà inú kó gba àwòrán ẹsẹ̀ rẹ, wọ́n sì lè na èèpo ìta níbi tó ti ń fún ọ. Ṣọ́ọ̀bù tí kò bá lè ṣe èyí, má rà níbẹ̀.

Nípa ìwọ̀n, bàtà ẹsẹ̀ kan lè jẹ́ kílò 1, ó sì lè ju kílò 1.6 lọ. Fífúyẹ́ dùn-ún gbé gòkè, wíwúwo dúró dáadáa ní sísọ̀. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, èyí tó wà láàárín, bíi kílò 1.3 sí 1.5, ni mo fọwọ́ sí. Ẹsẹ̀ wa á gbé e gòkè. Sísọ̀ la ti nílò ìrànlọ́wọ́.

Síkì, ìdè, àti awọ

Síkì ò le yàn. Wo bí àárín rẹ̀ ti fẹ̀ tó: mílímítà 90 sí 100 á ṣe ọ́ dáadáa nínú òjò dídì rírọ̀ àti èyí tó le. Kó ga láti àgbọ̀n rẹ dé iwájú orí. Tókùnbọ̀ dára, tí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìdè ni ohun tó so bàtà mọ́ síkì. Èyí tó wọ́pọ̀ lónìí ni oníkókó méjì níwájú, tó ń wọ inú ihò irin tó wà nímú bàtà. Gìgísẹ̀ á wà lómìnira ní gígòkè, tí o bá fẹ́ sọ̀, o ó tì í mọ́lẹ̀. Fritz Barthel, ará Austria, ló gbé e kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Béèrè bóyá bàtà rẹ ní ihò yìí kí o tó sanwó, nítorí kì í ṣe gbogbo bàtà síkì ló ní in. Agbára tí ìdè náà fi máa tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ bí o bá ṣubú, onímọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni kó ṣètò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ara, gígùn àti ọjọ́ orí rẹ. Ìwọ má ṣe fọwọ́ kàn án.

Awọ ló ń jẹ́ kí síkì gun òkè láìyọ̀ padà sẹ́yìn. Awọ sílì, ẹran inú òkun olótùútù, ni wọ́n ń lò láyé àtijọ́. Nísinsìnyí ọ̀rá náílọ́ọ̀nù ni, tàbí irun ewúrẹ́ Àńgórà, tàbí àdàlù méjèèjì. Bí ìgbà tí o bá fọwọ́ pa ara ewúrẹ́ láti orí lọ sí ìrù ló rí: lọ́nà kan ó ń yọ̀, lọ́nà kejì ó ń di ọwọ́ mú. Náílọ́ọ̀nù ń di òjò dídì mú jù, ó sì pẹ́. Irun ewúrẹ́ ń yọ̀ síwájú dáadáa, ó sì fúyẹ́. Ra àdàlù. Àtè wà lẹ́yìn rẹ̀ tó fi ń lẹ̀ mọ́ ìdí síkì. Gé e kó bo gbogbo ìdí síkì, kí irin etí méjèèjì nìkan sì hàn síta.

Ọ̀pá méjì, akoto tuntun, ìbọ̀wọ́ méjì (tínrín fún gígòkè, nínípọn fún sísọ̀), báàgì tó gba lítà 30. Ó parí.

Ohun mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde láìní

Jọ̀ọ́, dúró ka èyí dáadáa.

Òjò dídì kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ìpele lórí ìpele ni, bí ó ṣe ń rọ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà mìíràn ìpele tó wà nísàlẹ̀ kò lágbára, èyí tó le á sì jókòó lé e. Bí ènìyàn bá gun irú ibẹ̀, ìpele òkè lè fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì ya. Ibi tó dà láàárín dígírì 30 sí 45 ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀ jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí àyalulẹ̀ gbé, òun tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń rìn ló fẹsẹ̀ ṣí i.

Ẹni tó bá wà lábẹ́ rẹ̀, ìrètí rẹ̀ ń dínkù kíákíá lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 sí 15. Hẹlikópítà kì í lè dé láàárín àkókò yẹn. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ni yóò yọ ọ́, ìwọ náà ni yóò yọ òun. Nítorí náà, kí olúkúlùkù ní:

1. Ẹ̀rọ aṣàwárí, tó ń ránṣẹ́ lórí ìgbì rédíò 457 kHz, kí àwọn yòókù lè fi tiwọn wá ibi tí òjò dídì bò ọ́ mọ́. Ilé iṣẹ́ yòówù tó ṣe é, wọ́n ń gbọ́ ara wọn. Abẹ́ jákẹ́ẹ̀tì ni kó wà, mọ́ ara rẹ, láti ìgbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ títí ẹ ó fi padà. Kí fóònù jìnnà sí i tó sẹ̀ǹtímítà 20, tí ẹ bá sì ń wá ènìyàn, 50. Má ra tókùnbọ̀ èyí láéláé.

2. Ọ̀pá ìgúnwò, tó ń ká, tó sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 240 ó kéré tán, láti fi gún inú òjò dídì títí yóò fi kan ara ènìyàn. Tó bá ti kàn án, má fà á yọ. Fi í síbẹ̀, kí ẹ máa wa ilẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀.

3. Ṣọ́bìrì onírin. Oníke á ṣẹ́, nítorí àyalulẹ̀ máa ń le gan-an tó bá ti dúró.

Ríra wọn kò tó. Ẹ bo báàgì kan mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ránṣẹ́ nínú rẹ̀, kí ẹ wá a, kí ẹ tún un ṣe títí ọwọ́ yín kò fi ní gbọ̀n. Ẹni tí kò bá fẹ́ bá ọ dánra wò, má bá a gòkè, bó ti wù kó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ tó.

Ọjọ́ ìrìn

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ka ìròyìn àyalulẹ̀. Avalanche Canada ló ń gbé e jáde ní Kánádà, SLF tó wà ní Davos ní Switzerland, Varsom ní Nọ́wè. Láti 1 dé 5 ni ewu ń lọ. Má jẹ́ kí 3 tàn ọ́ pé àárín ni. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló ń ṣòfò lọ́jọ́ tí ewu bá wà ní 3. Ní ọdún àkọ́kọ́, 1 àti 2 ni tìrẹ, orí gẹ̀rẹ́ tí kò tó dígírì 30, tí gẹ̀rẹ́ ńlá mìíràn kò sì dorí kọ ọ́ látòkè. Ibòmíràn wà tó ń gba ìwé àṣẹ: ní Rogers Pass ní Kánádà, àwọn ọmọ ogun máa ń yin àgbá sí òkè kí òjò dídì lè ya sílẹ̀ kó tó di ewu fún ọ̀nà mọ́tò, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń wọ apá kan níbẹ̀ láìgbàṣẹ.

Ṣírò àkókò rẹ. Ọ̀nà tó rọrùn ni ti Werner Munter, ará Switzerland: kọ iye kìlómítà, fi gíga tí ẹ máa gùn kún un, mítà 100 fún ẹyọ 1, kí o pín gbogbo rẹ̀ sí 4. Kìlómítà 4 àti mítà 600 jẹ́ 10; pín in sí 4, wákàtí 2 àti ààbọ̀ ni gígòkè. Tí ìṣirò yìí bá fi yín sórí òkè lẹ́yìn ọ̀sán gangan nígbà tí oòrùn ti ń yọ́ òjò dídì, ẹ yan òkè tó kúrú.

Kí ẹ tó gbéra, kí ẹnìkan dúró síwájú, kí àwọn yòókù kọjá níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó gbọ́ ẹ̀rọ oníkálukú. Bọ́ jákẹ́ẹ̀tì oníyẹ̀ẹ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀, bí òtútù tilẹ̀ ń mú ọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ara á gbóná.

Má gbé síkì sókè bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn. Wọ́ ọ lórí òjò dídì. Dúró ṣánṣán, gbé ara lé gìgísẹ̀ kí awọ lè di ilẹ̀ mú. Ẹni tó bá tẹ̀ síwájú ló ń yọ̀. Tó bá dà jù, má kọjú sí i gbọnrangandan, gba ẹ̀gbẹ́, kí o sì máa yí padà ní igun kọ̀ọ̀kan. Gbé ìgbéró gìgísẹ̀ tó wà lára ìdè dìde nígbà tó bá pọn dandan, kì í ṣe ní gbogbo ìgbà.

Mu omi kí òǹgbẹ tó gbẹ ọ́. Ìgò ni kí o lò, nítorí rọ́bà tí wọ́n ń fà mu máa ń dì. Dorí ìgò kodò nínú báàgì, òkè omi ló ń kọ́kọ́ dì. Fún jíjẹ, kajú ilẹ̀ wa àti kúlíkúlì ni mo gbà ọ́ níyànjú láti dì sínú ẹrù. Wọ́n lọ́ràá, wọn kì í dì, ó sì ṣeé jẹ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Fi ìpara oòrùn pa ojú, kí o wọ awò dúdú. Òjò dídì tuntun ń dá nǹkan bíi ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìtànṣán tó ń jóni padà sí ọ lójú, awọ ara dúdú kò sì dáàbò bo ẹyinjú.

Bí o bá gbọ́ tí òjò dídì dún *gbìì* lábẹ́ ẹsẹ̀, tí o rí i tó ń là lọ níwájú síkì, tí àyalulẹ̀ tuntun wà lára òkè tó wà nítòsí, tó bá ti rọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 lọ́jọ́ kan, tàbí tí ara òkè ṣàdédé gbóná, ẹ padà. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ti tó.

Sísọ̀, àti lẹ́yìn rẹ̀

Wá ibi pẹrẹsẹ. Kọ́kọ́ wọ jákẹ́ẹ̀tì nínípọn, kí o tó ṣe ohunkóhun. Bó awọ kúrò lára síkì, pa àtè rẹ̀ mọ́ra wọn, kí o kì í bọ inú aṣọ kó lè gbóná, ẹ lè tún gòkè. Ti bàtà, ti gìgísẹ̀, wọ akoto. Lẹ́yìn náà, kí ẹ máa sọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ibi tí kò léwu dé ibi tí kò léwu, kí àwọn yòókù sì tẹjú mọ́ ẹni tó ń sọ̀. Ẹni tó ti dé ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró sí abẹ́ ojú ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀.

Ní òjò dídì jíjìn, gbé ara lé ẹsẹ̀ méjèèjì bákan náà, má ṣe yára yí. Tí o bá ṣubú, sinmi, gbọn ara rẹ, wá síkì rẹ kí o tó wá ọ̀pá.

Tí ẹ bá délé, yọ bàtà rírọ̀ kúrò nínú èèpo, ṣí i sílẹ̀ kó gbẹ mọ́jú. Na awọ kọ́ síbi tí ooru ẹ̀rọ kò ti ní bà á tààrà, nítorí àtè rẹ̀ á yọ́. Nu irin etí síkì kó má dípẹtà. Nígbà tí òjò dídì bá sì tán lọ́dún náà, yọ bátìrì kúrò nínú ẹ̀rọ aṣàwárí kó má ṣàn sínú rẹ̀, kí o ra tuntun tí ìgbà òtútù bá tún padà.